Bí Ọmọ Kò Ṣe Ní Kó HIV Lára Ìyá Rẹ̀

Ìwádìí tí ìjọba ṣe kárí Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ní Akwa Ibom àti Benue, nǹkan bí àgbàlagbà 5 nínú 100 ló ní kòkòrò HIV. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí 1 nínú 100 ni. Ẹ má tìtorí ìyẹn káwọ́ lẹ́rán. Ojú kò lè rí i lára aláboyún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Bí ìyá tó ní in kò bá lo oògùn, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló lè kó o, nínú oyún, lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ tàbí nínú ọmú. Bó bá ń lo oògùn déédéé, kì í tó 5. (“Kògbóògùn” tí wọ́n ń pè é yẹn ti di orúkọ àtijọ́.)

Gbàrà tí oyún bá ti dúró, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ sì tún un ṣe kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn lọ. Èsì ìyàwó kì í ṣe èsì ọkọ: ọ̀kan lè ní in kí èkejì má ní in, oògùn sì wà tí ẹni tí kò ní in lè máa lò kó má bàa kó o.

Ilé ìyá agbẹ̀bí lẹ fẹ́ bí sí? A ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ ti ṣàyẹ̀wò ná. Ìyá agbẹ̀bí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́; abẹ tí ẹ fi gé ìwọ́ ọmọ kan kò gbọdọ̀ kan òmíràn.

Ojoojúmọ́ ni ìyá tó ní HIV ń lo oògùn tirẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó ń lọ sùn ní àbà, kó gbé e dání, kó má gbé e sínú oòrùn. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹ lè gba ti oṣù 3 lẹ́ẹ̀kan.

Bí wọ́n bá ti bí ọmọ, oògùn olómi tirẹ̀ ń bẹ; kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọmú nìkan ni kó máa mu fún oṣù 6. Ibí yìí làwọn ìyá àgbà ti ń bá wa fa wàhálà. Àgbo, omi àti ògì lè ha ìfun ọmọ tí kò tíì gbó, kí kòkòrò rọ́nà wọlé. Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ìkòkò àgbo yẹn tì ná.

Ní ọ̀sẹ̀ 6, ẹ gbé ọmọ lọ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi wò ó bóyá ó ti kó HIV. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání.