Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìṣirò Èrè Fíìmù Géèmù Ìjà

Ó ń dùn mí bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó owó lé fíìmù tí a gbé ka orí géèmù ìjà pẹ̀lú ìṣirò tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èkínní, ẹ má ṣe yọ owó tí wọ́n fi ya fíìmù kúrò nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ wá pe ìyókù ní èrè. Èyí ló ń bí mi nínú jù lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí lórí Mortal Kombat ti ọdún 2021: ó kọ mílíọ̀nù dọ́là 84 sókè, ó kọ 55 sísàlẹ̀, ó sì fi bírò pupa yí 29 tó ṣẹ́ kù ká. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ilé sinimá máa ń mú nǹkan bí ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ìpolówó kò sì sí nínú 55 yẹn rárá. Bí a bá pín 84 sí méjì, 42 ni yóò kan àwọn tó ni fíìmù, kò sì tó owó tí wọ́n ná. Síbẹ̀, ẹ má sáré pè é ní àdánù, nítorí ọjọ́ tí ó dé sinimá ní Amẹ́ríkà náà ni ó bọ́ sórí HBO Max, ìkànnì fíìmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn tó ń san owó oṣooṣù sì jókòó wò ó nílé.

Èkejì, ẹ má ṣe ka iye géèmù tí wọ́n tà sí iye tíkẹ́ẹ̀tì. Géèmù Tekken ti tà ju ẹ̀dà mílíọ̀nù 50 lọ, ṣùgbọ́n fíìmù rẹ̀ ti ọdún 2010 kò pa mílíọ̀nù dọ́là 2 ní sinimá. Ẹni tó ra géèmù fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ jà ni. Bí ó bá dé sinimá, ìtàn ni yóò máa wá.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ àwọn lámèyítọ́ díwọ̀n owó: wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu Street Fighter ti ọdún 1994, ó sì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 99 lórí ìnáwó 35.

Ẹ má sì ṣe rò pé apá kejì yóò pa tó ti àkọ́kọ́. Mortal Kombat ti ọdún 1995 pa ju mílíọ̀nù 120 lọ, lórí ìnáwó tí kò ju nǹkan bí 20 lọ. Ní ọdún 1997, wọ́n ná 30 sórí apá kejì, wọ́n pààrọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré tí èrò ti mọ̀, owó tó wọlé kò sì ju nǹkan bí 51 lọ.