Bí mo ṣe fi ọgbà aláìní-wáyà kọ́ Tanímọ̀la ní ààlà

Àdúgbò wa ní Houston kò gbà ká mọ ògiri síwájú ilé, Tanímọ̀la ajá mi sì fẹ́ràn láti máa lé ọ̀kẹ́rẹ́ dé títì. Ìdí nìyí tí mo fi lo ọgbà aláìní-wáyà: ẹ̀rọ kan nínú ilé ló ń rán àmì tí a kò lè fojú rí yíká; bí ajá bá dé ààlà, kọ́là (bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀) á dún, á sì fi iná díẹ̀ ta á.

Inú ilé lẹ ó ti ki ẹ̀rọ náà bọ iná, kó jìnnà sí fíríìjì, torí irin máa ń dí i lọ́wọ́. Ààlà rẹ̀ rí roboto, ẹ má retí igun mẹ́rin. Ẹ mú kọ́là dání, ẹ máa rìn lọ. Ibi tó bá ti dún ni kí ẹ ri àsíá kéékèèké mọ́lẹ̀.

Ọrùn ajá ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ ya irun rẹ̀ sọ́tọ̀ kí irin méjèèjì tó wà lára kọ́là kan awọ. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ kọ́là náà. Bó bá fún jù, á dá egbò sí i lọ́rùn. Alaalẹ́ ni mo ń bọ́ ọ, tí mo sì ń yẹ ibẹ̀ wò.

Ohùn nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ fi okùn mú un lọ sídìí àsíá. Bó bá ti dún, ẹ pè é padà, kí ẹ sì fún un lẹ́ran. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó lẹ́ẹ̀kan, fún bí ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ tó tan iná tó ń ta ajá, láti orí èyí tó kéré jù. Bí ajá bá ń gbọ̀n, ẹ dáwọ́ dúró kíá.

Ọgbà yìí kò lè dá ajá ẹlòmíì tàbí olè dúró, torí náà ẹ má fi ajá yín sílẹ̀ lóun nìkan níta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Wales, òfin ti ka kọ́là oníná léèwọ̀ níbẹ̀ láti 2010; ọgbà onípákó ni kí ẹ ṣe.