Bí Mo Ṣe Sọ̀ Kalẹ̀ Dé Ìsàlẹ̀ Grand Canyon, Tí Mo sì Gòkè Padà

Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ní ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan tó wà létí Grand Canyon, ọ̀gbun ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ àsìkò ni: wọ́n máa ń gba èèyàn nígbà tí àlejò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, wọ́n á sì tú wa ká nígbà tí òtútù bá ń sún mọ́lé. Kì í ṣe owó ló ń mú èèyàn gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí owó náà kò tó nǹkan. Ọjọ́ ìsinmi méjì tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá lè má lò ju wákàtí mélòó kan lọ kó tó wọkọ̀ padà, ṣùgbọ́n ní tiwa, bí a bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù ká dé etí ọ̀gbun náà. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ dúró síbẹ̀ tí mo wo ìsàlẹ̀ ni mo ti pinnu pé mi ò ní kúrò níbẹ̀ láìfi ọwọ́ kan odò Colorado.

Kí n tó sọ bí mo ṣe ṣe é yọrí, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé mo ti gbìyànjú ẹ̀ nígbà kan rí, tí ojú sì tì mí. Oṣù kẹfà ni, n kò tíì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Mo jáde níbi iṣẹ́ òwúrọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo pọn omi sínú ike méjì, mo sì gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Bright Angel láìmú oúnjẹ kankan dání. Ọ̀nà náà rọrùn gan-an ní lílọ. Ẹsẹ̀ ń gbé ara rẹ̀, mo sì ń kọjá àwọn tó dàgbà jù mí lọ bí ẹni pé wọn ò mọ ìrìn rìn. Kò tó wákàtí méjì tí mo fi dé Havasupai Gardens, níbi tí omi ti ń ṣàn lábẹ́ àwọn igi ńlá, kìlómítà méje sí etí òkè. Ibẹ̀ ni mo ti yí padà, ibẹ̀ náà sì ni ọjọ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀ fún mi.

Nínú àfonífojì yẹn, bí èèyàn bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, débi pé ìsàlẹ̀ lè fi dígírí mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbóná ju etí òkè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń kọjá dígírí 40. Àpáta méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń tu ooru síni lára bí ilẹ̀kùn ààrò tó ṣí sílẹ̀. Omi ni mo gbójú lé. Mo ń mu, mo ń rìn, mo tún ń mu. Kí n tó dé ilé ìsinmi tí wọ́n ń pè ní Three-Mile Resthouse, orí ti ń fọ́ mi, inú ń rú mi, ìka ọwọ́ mi sì ti wú débi pé òrùka tó wà lọ́wọ́ mi kò yí mọ́. Mo rò pé omi ló ṣì kù díẹ̀ káàtó, ni mo bá tún gbé ike sẹ́nu.

Ẹ̀ṣọ́ kan ní ọgbà ìjọba tí ọ̀gbun náà wà nínú rẹ̀, obìnrin tó ti tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, ló bá mi níbẹ̀. Kò béèrè iye omi tí mo ti mu. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Kí lo jẹ?" Nígbà tí mo ní n kò jẹ nǹkan kan, ó gba ike omi lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jókòó síbi òjìji, ó da omi sí mi láṣọ, ó sì gbé bisikíìtì oníyọ̀ lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi pé òógùn kì í gbé omi nìkan jáde, iyọ̀ ara ń bá a lọ. Bí èèyàn bá wá ń fi omi lásán rọ́pò ohun tó jáde, ńṣe ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù sí i, àìsàn tó ń tìdí ẹ̀ yọ sì jọ ti ẹni tí ooru mú débi pé aláìmọ̀kan á tún máa bu omi mu, bí mo ṣe ń ṣe gan-an. Ó dá mi dúró síbẹ̀ títí òòrùn fi rọlẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù kí n tó dé òkè.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń fọ abọ́, bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ àsìkò níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, rí mi bí mo ṣe ń tiro. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, òkè tí wọ́n dojú ẹ̀ dé ni èyí." Ẹni tó ń gun òkè lásán, nígbà tí agbára bá wà lára ló ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bó bá sì rẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Níbí, gbèsè ni èèyàn ń jẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìgbà tí ara ti rọ tí òòrùn sì ti mú ni wọ́n tó ń gbowó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rìn máa ń ṣírò rẹ̀ pé wákàtí kan sísọ̀, wákàtí méjì gígun. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ìgòkè ṣe ìdí ìṣirò mi, tí mo fi ìsọ̀kalẹ̀ sílẹ̀ bí ohun tí kò gba àròjinlẹ̀.

Mo sún ìrìn náà sí ìparí oṣù kẹsàn-án. Àwọn aláṣẹ ọgbà kìlọ̀ gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú àtilọ sí odò kó sì padà lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà mo fẹ́ sun ìsàlẹ̀. Ìyẹn gba ìwé àṣẹ, àárọ̀ méjì ni mo sì fi tò ní ọ́fíìsì wọn kí àyè ẹnì kan tó yọ. Inú àpò mi kò ní ju nǹkan bíi kìlógíráàmù mọ́kànlá lọ: àgọ́ kékeré, aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mórí, ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì, ẹ̀pà oníyọ̀, ẹran gbígbẹ, bisikíìtì, àti ìyẹ̀fun iyọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Lítà omi mẹ́rin ni mo pọn, nítorí ọ̀nà South Kaibab tí mo fẹ́ gbà sọ̀ kò ní omi rárá láti òkè dé ilẹ̀. Mo sì gé èékánná ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n nínú ìsọ̀kalẹ̀ kìlómítà mọ́kànlá, orí ìka ẹsẹ̀ ló máa ń gba ẹrù, èékánná tó bá gùn á sì máa lu imú bàtà.

Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló gbé wa dé orí ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹsẹ̀ mi kan ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Níbi tí wọ́n ń pè ní Ooh Aah Point, òòrùn yọ sí wa lójú, àwọ̀ àpáta náà sì ń yí padà láti eérú sí pupa rúsúrúsú lójú ẹni tó ń wò ó. Òkúta ẹfun tó wà lókè pátápátá ti tó 270 mílíọ̀nù ọdún. Èyí tó dúdú kirikiri nísàlẹ̀, létí odò, ju 1,700 mílíọ̀nù ọdún lọ. Lójú ẹsẹ̀ ṣá, ìtì igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà kí òjò má baà wọ́ ọn lọ ni mo ń rí. Ẹsẹ̀ àwọn ìbaaka ti gbẹ́ ilẹ̀ àárín ìtì kan sí ìkejì di kòtò, nítorí náà ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ fífò kékeré, orúnkún ló sì ń sanwó rẹ̀. Láìsí ọ̀pá méjèèjì, n kò mọ bí ǹ bá ṣe ṣe é.

Lẹ́yìn Cedar Ridge, a pàdé àwọn ìbaaka náà, bí mẹ́wàá, tí wọ́n ń ru ẹrù bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Òfin ni pé kí ẹlẹ́sẹ̀ yà fún wọn, kó fara ti ògiri àpáta, kó má ṣe dúró síhà ọ̀gbun, nítorí ìbaaka tó bá ta gìrì lè fi ikùn ti èèyàn. A dúró láìsọ̀rọ̀ títí èyí tó kẹ́yìn fi kọjá, ó sì fi eruku àti òórùn ìtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ní Skeleton Point ni mo ti rí odò fún ìgbà àkọ́kọ́, ó tín-ín-rín bí okùn bàtà.

Ní ìsàlẹ̀, ọ̀nà náà wọ inú ihò kan tí wọ́n lu nínú àpáta, ó sì jáde sórí afárá. Ọdún 1928 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọkùnrin 42 láti inú ẹ̀yà Havasupai, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ló fi èjìká ru àwọn okùn irin rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ, okùn kọ̀ọ̀kan sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Lọ́dún 1928 yẹn kan náà ni wọ́n lé ẹni tó kẹ́yìn nínú ẹ̀yà náà kúrò ní oko tí wọ́n ń dá létí omi ní agbedeméjì òkè. Indian Garden ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí di 2022, kí wọ́n tó sọ ọ́ di Havasupai Gardens. Mo dúró lórí afárá náà, mo fọwọ́ kan okùn irin rẹ̀. Ó ti gbóná.

Aago mọ́kànlá kò tíì lù tí mo fi pàgọ́. Mo kó gbogbo oúnjẹ mi sínú àpótí irin tí wọ́n pèsè, nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ kò mọ ìtìjú, wọ́n á ya àpò, wọ́n á sì gé ẹni tó bá fẹ́ bọ́ wọn jẹ. Mo wá lọ san ìlérí mi. Omi odò Colorado tutù débi pé ọwọ́ mi kú tipiri láàárín ìṣẹ́jú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ń jó wa lókè: abẹ́ ìdídò Glen Canyon ló ti ń jáde wá, láti ibú adágún tí òòrùn kò dé. Èèyàn kì í wẹ̀ níbẹ̀. Omi náà yára, òtútù rẹ̀ sì lè pa iṣan ara. Inú odò kékeré Bright Angel tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ ni mo jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú aṣọ lára.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo gbọn bàtà mi nítorí àkeekèé, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, tí mo sì gba afárá kejì. Ọ̀nà Bright Angel gùn ju ti àná lọ, ó tó kìlómítà 15, ṣùgbọ́n omi wà lójú ọ̀nà. Mo fi ìrìn mi sí ìwọ̀n tí mo fi lè sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle. Lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo máa ń jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo máa ń gbẹ́sẹ̀ lé òkúta, mo sì máa ń jẹ ẹ̀pà, ebi ì báà pa mí tàbí kó má pa mí. Kọ́rọ́kọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ṣòro jù ti wà lẹ́yìn mi kí òòrùn tó wọ ibẹ̀. Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí mo fi dé Havasupai Gardens.

Ní Three-Mile Resthouse, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sórí òkúta tí èmi náà jókòó sí lóṣù kẹfà, ó di orí mú, ike omi rẹ̀ sì ti gbẹ. Ó bi mí bóyá omi ṣì wà nínú tèmi. Mo sọ àpò kalẹ̀, mo bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ẹ̀pà oníyọ̀ mi tó kù, òun ló jẹ ẹ́ tán. A jọ jókòó fún bí ogójì ìṣẹ́jú, nígbà tí ojú rẹ̀ sì ti wálẹ̀, a jọ gun ìyókù, ó ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀lé e kí n lè máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀sán gangan la dé òkè. Èékánná ẹsẹ̀ mi méjì ló dúdú, orúnkún mi ọ̀tún kò sì ká dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ wọ iṣẹ́. Bàbá tí a jọ ń fọ abọ́ wo ẹsẹ̀ mi, kò sọ nǹkan kan, ó fa àpótí onígi kan sún mọ́ ìdí agbada ìfọ abọ́ kí n lè máa gbé ẹsẹ̀ kan lé e.