Oògùn Ọmọ Ilé Kejì Kì Í Ṣe Oògùn Ọmọ Yín: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Ọmọ Tó Ń Múra Ìdánwò

Ẹ mọ bí a ti ń tọ́ ọmọ, a kò wá kọ́ yín nìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo la torí ẹ̀ kọ ìwé yìí, nítorí à ń rí i káàkiri Àkúrẹ́ àti àwọn abúlé tó yí i ká bí WAEC àti JAMB bá ti ń sún mọ́lé. Òbí fúnra rẹ̀ ló ń fún ọmọ lówó pé kó lọ sí kẹ́míìsì, kó ra èyí tí ọmọ ilé kejì ń lò, kí oorun má baà kùn ún.

Dókítà ló kọ oògùn fún ọmọ ilé kejì yẹn. Àwọn ọmọ kan wà tí àìsàn kì í jẹ́ kí wọ́n lè pọkàn pọ̀. Methylphenidate, tí wọ́n tún ń pè ní Ritalin, wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn. Dókítà á kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ọmọ náà, á gbé e lórí ìwọ̀n, á béèrè bóyá àrùn ọkàn wà nínú ẹbí. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 5 mg, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, á sì máa ṣọ́ ọ. Ta ló wọn tiyín?

Lára ẹni tí kò nílò rẹ̀, àyà á máa lù kì-kì-kì, ìfúnpá á lọ sókè, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oúnjẹ kò ní wù ú. Àwọn mìíràn á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Ó sì ń di bárakú.

Ohun tí ọmọ bá rà bọ̀ tún lè jẹ́ tramadol. Oògùn ìrora ni. Ó lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró. Èyí tó ju 100 mg lọ, NAFDAC kò fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e mì kí ẹ tó wọ oko kòkó, ẹ̀yin náà là ń bá wí, nítorí ọwọ́ yín lọmọ ń wò.

Ẹ ó ní ó kúkú ń ran ìwé lọ́wọ́. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Melbourne ní Ọsirélíà jáde pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n fi 40 ènìyàn tí ara wọn le ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n yan ẹrù tó níye lórí jù sínú àpò tí kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ. Àwọn tó lo oògùn bíi Ritalin ṣe làálàá jù, wọ́n pẹ́ nídìí rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n yíyàn wọn kò dára tó ti ìgbà tí wọn ò lò ó.

Kòkó tí ẹ tú ewé kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣé ó lè dà bí èyí tó lo ọjọ́ 6? Inú oorun ni ìwé ti ń jinná. Ọmọ ọdún 13 sí 18 gbọ́dọ̀ sun wákàtí 8 sí 10. Ẹ jẹ́ kó dẹ́kun TDB, ìyẹn kíkàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó pa ìwé dé ní aago 9 alẹ́. Ìbéèrè 180 ní wákàtí 2 ni JAMB. Ojú tí kò sùn kò lè kà á já. Bó bá mu kọfí, kí káfíìnì má ju 100 mg lọ lóòjọ́, kó má sì mu ún lẹ́yìn aago 2 ọ̀sán. Agolo ènájì dírìǹkì 250 ml kan sábà máa ń ní 80 mg. Obì náà ní káfíìnì, ẹ kà á mọ́ ọn.

Bí ọmọ bá ti ń lo irú oògùn wọ̀nyí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má lù ú. Ẹ mú un lọ bá dókítà, nítorí ìbànújẹ́ ńlá lè dé bó bá dáwọ́ dúró lójijì.

Bí àyà bá ń dùn ún, tí ara ń gbóná gan-an, tó ń sọ kántankàntan tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹni tó wà ní Ìdànrè kò gbọdọ̀ ní àfi Àkúrẹ́. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì. Ìtọ̀ màlúù ńkọ́? Ó ti pa ọmọ rí, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.