Ẹsẹ̀ mi kò kú mọ́ láàárín ìdíje cyclocross

Nínú cyclocross, ìyẹn ìdíje kẹ̀kẹ́ lórí koríko àti ẹrẹ̀, níbi tí a ti máa ń sọ̀kalẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ kọjá ìdènà, ó máa ń tètè rẹ ẹsẹ̀ mi tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà mi ló pọ̀ jù. Kẹ̀kẹ́ ń ta lórí gbòǹgbò, ó ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, gbogbo ìyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ agbára ẹsẹ̀ mi. Òfin UCI, ẹgbẹ́ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, kò jẹ́ kí táyà fẹ̀ ju 33 mm lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ ni mo dojú kọ. Mo ń dín in díẹ̀díẹ̀ lórí ibi kan náà, títí rímù fi kan gbòǹgbò, mo wá fi díẹ̀ kún un. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an!

Mo tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò padà sórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ láìdúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e kọjá ìdènà pákó. Ní báyìí, ìyípo tó kẹ́yìn ni mo máa ń sáré jù.