Bí A Ṣe Ń Yẹ Nintendo Switch OLED Wò Kí A Tó Rà Á ní Àbújá

Nígbà tí Nintendo gbé Switch OLED, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tó tún ṣeé so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, agbára tó ń gbé géèmù ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Switch àtijọ́. Ojú rẹ̀ tí à ń wo àwòrán lórí rẹ̀ gan-an ni wọ́n tún ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rà á ní Banex tàbí Emab Plaza ní Wuse 2, ojú náà ni kó yẹ̀ wò fínnífínní kó tó sanwó. Ẹni tó jẹ́ pé orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ti ń ṣeré kò tilẹ̀ ní ìdí láti fi owó kún owó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń gbé e dúró lórí tábìlì fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, nígbà tí ti àtijọ́ jẹ́ pẹlẹbẹ kékeré lápá kan. Nọ́ńbà HEG-001, tí Nintendo fi ń dá irú ẹ̀rọ yìí mọ̀, sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá wọn ojú rẹ̀ láti igun dé igun, íǹṣì 7 ni, kì í ṣe 6.2. Lẹ́yìn náà, ẹ tàn án níbi tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, kí ẹ sì wá ibi tó ṣókùnkùn nínú géèmù. Nínú ojú LCD ti àtijọ́, ẹ̀yìn àwòrán ni iná ti ń tàn, ìdí nìyí tí dúdú fi máa ń dà bí eérú. Ti OLED, ẹyọ tóótòòtó kọ̀ọ̀kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, tó bá sì kan dúdú, á kú pátápátá. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yí àwọ̀ ojú rẹ̀ sí funfun, kí ẹ tan iná rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì wò ó bóyá òjìji àwòrán kan ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí òjìji bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á, nítorí pé pípààrọ̀ ojú náà ló kù.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bó ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú rẹ̀. Ó jọ ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo ọjà tuntun, ṣùgbọ́n Nintendo ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ kí gíláàsì má bàa fọ́n ká bó bá fọ́. Gíláàsì ìdáàbòbò tí ẹ bá rà, orí ọ̀rá yẹn ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá gba gbogbo ìlú kan, inú àpò rẹ̀ ni kó máa wà bí a kò bá lò ó, nítorí fáànù inú rẹ̀ máa ń fa eruku wọlé. Nintendo kò fẹ́ kí a lò ó níbi tó gbóná ju 35°C lọ, oòrùn oṣù kẹta ní Àbújá sì máa ń kọjá iye yẹn, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Kí àwòrán má bàa lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, ẹ lọ sí Sleep Mode nínú System Settings, kí ẹ sì jẹ́ kó máa sùn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, pàápàá bí àwọn ọmọ bá máa ń dá géèmù dúró láti lọ jẹun.