Ẹ̀yin tó fẹ́ ra mọ́tò tuntun ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí dílà fi "èló lẹ fẹ́ máa san lóṣù" mú yín o. Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n fi ń jẹ èèyàn, torí wọ́n á kàn fa gbèsè tẹ́ ẹ fi ra mọ́tò yẹn gùn látorí oṣù 60 lọ sí 84, owó oṣù á wálẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n àpapọ̀ èlé tẹ́ ẹ máa san á lọ sókè gan-an ni. Out-the-door price ni kẹ́ ẹ bèèrè, ìyẹn gbogbo owó pátápátá, owó orí, nọ́ńbà mọ́tò, doc fee (owó tí dílà ń gbà lórí ìwé), kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí ímeèlì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ wá fi ti dílà kan ná ti èkejì. Ẹ kọ́kọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ credit union yín (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń yáni lówó) iye èlé tí wọ́n máa gbà, torí dílà lè bu tiẹ̀ lé èyí tí báńkì fọwọ́ sí láìsọ fún yín.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń sáìnì, ẹ rọra ka ìwé tí wọ́n bá fún yín o! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ki owó nitrogen, ìyẹn gáàsì tí wọ́n ń fẹ́ sínú táyà, bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ lásán, bíi 78 nínú 100 ẹ̀ ti jẹ́ nitrogen tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Òfin ọjọ́ mẹ́ta táwọn èèyàn ń sọ kiri yẹn, pé èèyàn lè dá ọjà padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò kan mọ́tò tẹ́ ẹ lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù dílà.